Bíbélì Tó Lé Apẹja Sódò

Ìjẹ̀bú-Igbó

Adébánjọ ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Mo ti délé láyọ̀. Mọ́tò kò bàjẹ́ lọ́nà, òjò kò pa wá, Sáfúrà ọ̀rẹ́ mi sì ti padà sídìí ẹní tó ń tà. Bàbá rẹ ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí mi, ojú mi ló ń wò, kó lè mọ irú ìròyìn tí mo gbé bọ̀. Nígbà tó rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí pèpéle, ó ní, "Ọlọ́run, mo dúpẹ́."

Òun ló ní kí n kọ ìwé yìí. Mo ní, "Kí ni mo tún fẹ́ kọ sí ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ l'Ábigi?" Ó ní, "Kí lo bá a sọ nígbà tó o débẹ̀?" Mo ronú, ojú tì mí. N kò bá ọ sọ nǹkan kan tó ní láárí. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo dì mọ́ ọ lójú àwọn ọlọ́pàá, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìyá bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba sọ kù sínú mi. Nítorí náà, wá ibi jókòó sí. Ìwé yìí yóò gùn. Ọ̀rọ̀ òṣèlú kò sí nínú rẹ̀ o; àwọn tó ń sọ ìyẹn lẹ́bàá ìsọ̀ mi ti tó mi í gbọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìròyìn náà ṣe bá mi, nítorí o kò mọ̀ ọ́n. Mo wà nídìí gbàǹja ní òwúrọ̀, mo ń ṣa èyí tó ti ń dápàá kúrò lára èyí tó dára, mo sì ń tẹ́ ewé sínú apẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ kan tó máa ń ná ọ̀nà odò sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà. Nígbà tí awakọ̀ bá ṣí fìlà fún olóbì, kí olóbì fura.

Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí wolé-wolé tuntun tó wà l'Ábigi?"

Mo ní èmi ni. Mo tilẹ̀ gbé èjìká sókè, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé aṣọ kakí lé ọ lọ́wọ́ ni ọrùn mi ti gùn sí i.

Ó ní, "Ó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá o. Wọ́n ní ó fún apẹja kan níwèé létí odò, ni ọkùnrin náà bá sá bọ́ sínú ọkọ̀. Wọ́n ti rí ọkọ̀ rẹ̀, ó dojú dé lórí omi. Òun fúnra rẹ̀ ni wọn kò tíì rí."

"Ìwé kí ni?"

"Wọ́n ní Bíbélì ni. Ṣùgbọ́n, Ìyá, ta ni í sá fún Bíbélì?"

Apẹ̀rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí o ti kọ̀wé sí mi pé láti ìgbà tí o ti ń gba owó oṣù ni o ti ń ra Bíbélì, tí o sì ń fún àwọn àlejò tó ń gba èbúté kọjá. Inú mi ti dùn sí i. Mo ti fi ìwé rẹ hàn ní ìjọ wa, wọ́n sì ti gbàdúrà lé e lórí. N kò ro ó rárá pé ohun tí a gbàdúrà lé lórí lè pa èèyàn.

Sáfúrà, tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan tèmi, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ká ẹní rẹ̀ jọ, ó so gèlè mọ́ orí, ó ní, "Dìde, ká lọ." Nínú mọ́tò, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀, èmi ń ka Sáàmù lábẹ́ ètè. Ẹni tó jókòó sáàárín wa kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun yóò yí sí.

O rántí bí mo ṣe wọlé sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣàlàyé fún mi pé o kò ṣẹ̀ lójú òfin, pé wọ́n kàn fi ọ́ pa mọ́ síbẹ̀ ni, kí àwọn ará èbúté má baà fọwọ́ kàn ọ́. O gbójú sókè, o ní, "Yèyé, n kò tì í." Mo ní, "Mo mọ̀." Ọmọ mi, n kò mọ̀. Ìyá ni mí, ohun tí ìyá máa ń sọ ni mo sọ. Inú mi lọ́hùn-ún ń sáré kiri bí adìẹ tí àṣá ń fò lókè rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ létí odò lẹ́yìn ìyẹn, o kò sí níbẹ̀. Fetí sí i dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ràn mi ti ń bọ̀.

Ọkọ̀ Orímisán, apẹja náà, ni wọ́n ti wọ́ sórí iyanrìn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, àwọn obìnrin yí i ká. Bíbélì rẹ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tó bọ́ sí létí omi, ó ti rin, kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, bí ẹni pé ejò ni. Ìyàwó náà bi mí pé, "Ìyá ta ni yín?" Mo ní, "Ìyá wolé-wolé." Ọkùnrin kan gbé àjẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí èbúté gbọ́wọ́ sókè, ọkùnrin náà sì sọ ọ́ kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ. Ó ní, "Ẹ dìde, Ìyá, ẹ má sọ mí di ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìwé yín ló pa ọkọ mi." Gbogbo Sáàmù tí mo mọ̀ ló sá lọ.

Sáfúrà ló jókòó tì í sínú iyanrìn. Ó gba ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ọkọ rẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

Àwọn obìnrin wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ọ̀kan ní, "Orí omi ni wọ́n bí i sí."

Sáfúrà ní, "Ẹni tí wọ́n bí sórí omi, ṣé odò tó dákẹ́ báyìí ni yóò gbé e?" Ó tún ní, "Nígbà tí àwọn agbowó-orí bá ń mú èèyàn, ibo ló máa ń sá sí?"

Ìyàwó náà dákẹ́ ẹkún. Ó wo olórí èbúté, olórí èbúté náà wo ojú odò. Ìyàwó náà wá rọra sọ pé, "Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ni, lẹ́yìn ẹrẹ̀ ọ̀hún."

Bàbá arúgbó náà ní, "Ẹ gbé ọkọ̀ sómi."

N kò lè sọ fún ọ bí a ṣe jókòó dúró. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ẹ̀rín. Bánjọ, ẹ̀rín la gbọ́ kí a tó rí ọkọ̀! Nígbà tí wọ́n yọ lẹ́yìn koríko, Orímisán wà láàárín wọn, ó fi aṣọ ìbora bo orí nítorí ìtìjú. Sáfúrà kígbe, "Alihamudulilaahi!" Èmi kígbe, "Halelúyà!" Ohùn wa pàdé lókè, kò sẹ́ni tó mọ ti ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀run.

Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ bi wá kó tó sọ̀ kalẹ̀? Ó ní, "Ṣé wọ́n ti fagi lé ẹjọ́ náà?" Òun fúnra rẹ̀ ló da ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, tó tì í sínú odò, kí wọ́n lè rò pé òun ti kú, nítorí wọn kì í pe òkú lẹ́jọ́. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì lù ú láyà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún ọ̀tun.

Nígbà tí wọ́n mú ọ jáde, o rí ìyókù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ, o dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹ̀yin méjèèjì nà gbalaja sínú iyanrìn, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Ọkàn mi padà sí àyè rẹ̀ nígbà náà.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn ló kù.

Èkíní, bọ́ aṣọ kakí sílẹ̀ kí o tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Wo ọ̀rọ̀ náà bí Orímisán ṣe rí i. O wọ ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, o rí tanwíjí nínú ìkòkò omi rẹ̀, o sì sọ fún un pé bí o bá tún rí i, ilé-ẹjọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ ni, o kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ ọjà, ó tún rí ọ, o wọ kakí yẹn kan náà, o gbé àpò kọ́ èjìká, o pe orúkọ rẹ̀ sókè láàárín èrò, o ní, "Dúró, mo ní nǹkan fún ọ," o sì yọ ìwé dúdú tó nípọn jáde. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi nígbà tí a ń jẹ ẹja tí ìyàwó rẹ̀ sè. Ó ní, "Ìyá, mo ní bí ìwé ẹ̀ṣẹ̀ mi bá ti nípọn tó yìí, ẹ̀wọ̀n gbére nìyẹn." Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. O rò pé ò ń fúnni. Lójú ẹni tí o lágbára lé lórí, àṣẹ lò ń pa. Wọ bùbá rẹ, jókòó bí ọmọ èèyàn, jẹ́ kí ẹni náà lè sọ pé òun kò fẹ́ láìbẹ̀rù pé o máa padà wá yẹ ìkòkò òun wò.

Èyí mú mi dé orí èkejì: béèrè kí o tó fún un. Sáfúrà ló kọ́ mi. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ di ará ìsọ̀ kan náà, mo ra Bíbélì fún un, mo fi aṣọ tó dára wé e, mo gbé e fún un lójú gbogbo ọjà. Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni, ìran ìmàle ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, kò dójú tì mí. Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti tú ká, ó gbé e padà wá, ó ní, "Ìwé ńlá ni, n kò sì fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní kà á. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún ọ. Kò sí ìjà." Ó jókòó, ó ní kí n pa obì fún òun. Ọ̀rẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ohùn pẹ̀lẹ́ a máa yọ obì lápò, ohùn líle a máa yọ ọfà lápó. Bí kì í bá ṣe obìnrin yẹn, a ò mọ ọjọ́ tí à bá rí Orímisán. Má ṣe fojú kéré ẹni tó bá dá ìwé rẹ padà fún ọ. Kí i, bá a ṣeré, o kò mọ ọjọ́ tí yóò bá ọ wọ mọ́tò.

Ẹ̀kẹta rèé, bàbá rẹ ló ní in. Nígbà tí kò tíì sí ìwọ, mo máa ń gbé Bíbélì lọ sọ́dọ̀ àwọn agẹgi nínú igbó tó wà lẹ́yìn ìlú wa yìí, àwọn àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn wá gé ìrókò. Mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bá ọ̀kan nínú wọn tó ya ewé ìwé náà, tó fi ń wé tábà. Mo sunkún délé. Bàbá rẹ gbọ́ gbogbo ẹjọ́ mi, ó wá bi mí pé, "Ṣé o fún un ni, tàbí o yá a?" Mo bínú sí i fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ohun tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe tìrẹ mọ́. Má ṣe lọ máa ṣọ́ ẹni tí o fún bí wolé-wolé. O ti ṣe ìyẹn tán níbi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n, èyí sì ni mo fẹ́ kó wọ̀ ọ́ létí jù, ọkùnrin agẹgi yẹn kò mọ̀wé kà. Mo fún un ní ohun tí kò ní ojú tí yóò fi wò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ bọ̀, ìyàwó Orímisán gbé Bíbélì rẹ wá, ó ti sá a gbẹ lórí òrùlé. Ó ní, "Ìyá, kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an tí ọkọ mi fẹ́ kú sí?" Mo kà á fún un lórí àpáta ìfọṣọ, nípa àwọn apẹja tí wọ́n fi gbogbo òru dẹ àwọ̀n láìrí nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ó ní, "Àwọn apẹja wà nínú rẹ̀!" Ó pe àwọn obìnrin yòókù, mo sì tún un kà. Bánjọ, o ti pín ìwé púpọ̀ ní èbúté yẹn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé àwọn apẹja wà nínú rẹ̀. Dín iye tí ò ń rà kù, kí o sì jókòó pẹ̀lú èyí tí o bá rà. Bí o bá ka ojú ewé kan fún ẹnì kan lọ́jọ́ ìsinmi rẹ, ó sàn ju àpò ìwé tó kún lọ. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé wàá wá. Má jẹ́ kí n purọ́.

Ní ti owó tí o fi ń rà wọ́n: n kò béèrè iye rẹ̀, n kò sì ní béèrè. Owó òógùn rẹ ni. Ṣùgbọ́n mo rí bàtà rẹ. Mo rí ọrùn rẹ nínú kọ́là kakí náà, bí ọmọ odó nínú odó. Nígbà tí mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun, o ní bẹ́ẹ̀ ni. Àlejò ni mo jẹ́ sí ọ bí, tí n kò fi mọ ojú rẹ nígbà tí ebi bá ń pa ọ́? Ọlọ́run tó ni ìwé náà kò ní kí o fi egungun rẹ tà á. Jẹun, ra bàtà, kí o tó ra Bíbélì. Ohun mìíràn tún ni ọmọbìnrin ará Òrù tí o ní o fẹ́ fẹ́. Sọ fún un báyìí, kí ẹ tó ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, pé apá kan owó oṣù rẹ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àlejò. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí i, ẹ jọ máa ṣe é. Bí kò bá dùn sí i, ẹ jọ sọ ọ́ títí yóò fi yé ẹnì kan nínú yín. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. N kò fẹ́ kí ìyàwó ọmọ mi máa wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ àlejò jù ú lọ.

Mo ti ń rántí ohun mìíràn, n kò sì mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Má sọ pé o kò ní fúnni mọ́. O sọ ọ́ nígbà tí ò ń sìn wá lọ sídìí mọ́tò, ohùn rẹ lọ sílẹ̀. Mo mọ irú ìtìjú yẹn, yóò lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀nà tí o gbà ṣe é ló yẹ kí o yí padà, kì í ṣe ọkàn tí o fi ṣe é.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù lọ fún ọ. Láti ọjọ́ tí o ti di wolé-wolé ni ẹ̀rù kan ti wà nínú mi tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní fún bàbá rẹ pàápàá. Mo ti tajà pẹ́, mo ti rí àwọn tó ń wọ kakí yẹn wọlé tí wọ́n ń gbé adìẹ jáde. Mo máa ń bi ara mi pé, irú èwo ni tèmi yóò jẹ́? Nígbà tí a ń jẹ ẹja níjọ́sí, ọkùnrin tó gbé àjẹ̀ sí mi jókòó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní kí n má bínú. Ó ní, "Ọmọ yín le o, Ìyá. Ó máa ń da omi èèyàn nù láìwojú ẹni. Ṣùgbọ́n kò gba ẹja lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. A fún un, kò gbà. Nítorí náà ni ìwé tó ń pín ṣe ń bà wá lẹ́rù: a ò tíì rí wolé-wolé tó ń fúnni rí."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọkùnrin náà. Mo ti gbéra nílé pé mò ń lọ wo ọmọ tó pààyàn. Ìdùnnú tí mo gbé padà wá ju èyí tí mo ní kí n tó lọ. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Láti ìgbà tí mo ti dé, oorun mi dùn, obì mi ń tà, bàbá rẹ sì ń fi ọ̀rọ̀ wolé-wolé tó ń fúnni pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín káàkiri àdúgbò.

Àkànní, Ọlọ́run yóò fún ọ ní èyí tí wàá jẹ àti èyí tí wàá fi tọrẹ. Omi kò ní gbé ọ, omi kò sì ní gbé ẹnikẹ́ni nítorí rẹ. Nígbà tí o bá na ọwọ́ sí àlejò, kí ó rí ojú rẹ kí ó tó rí ohun tí o gbé dání. Kí ọwọ́ rẹ má ṣe ba ọmọ ẹnikẹ́ni lẹ́rù mọ́ láé.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Abímbọ́lá